Ọmọlángidi ni wọ́n fi ń dánra wò, ẹ̀mí ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń dóòlà

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì gba ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí kọjá ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe irú ìdánrawò yìí lè rò pé ilé ti dàrú. Obìnrin kan wà lórí ibùsùn, ó ń ké, ohun pupa ń ṣàn lára rẹ̀ dé ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, òmíràn ń wá iṣan tí yóò fi omi sí, ẹnì kan ti sáré lọ pe dókítà, ẹlòmíràn sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bímọ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin tí ó ń ké náà. Ikùn tí ó so mọ́ra kì í ṣe ikùn gidi, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sunkún, ohun tí ó sì ń ṣàn yẹn, omi tí wọ́n po aró pupa mọ́ ni.

Ìdánrawò ìgbẹ̀bí pàjáwìrì nìyí. Bí àwọn panápaná ṣe máa ń dá iná sí pápá kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń pa á, kí ilé ẹnikẹ́ni tó jó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé ìwòsàn kan káàkiri àgbáyé ti sọ ọ́ di àṣà pé kí àwọn agbẹ̀bí àti dókítà wọn máa fi ọmọlángidi àti omi pupa kọ́ bí wọn yóò ṣe kojú ewu, kí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n kí ewu gidi tó dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọlángidi pa yín lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ mìíràn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìṣirò jáde nípa àwọn obìnrin tí ó kú nínú oyún tàbí nídìí ìbímọ lọ́dún 2023. Wọ́n ní wọ́n tó 260,000 káàkiri àgbáyé. Nínú wọn, nǹkan bí 75,000 ni ó kú ní Nàìjíríà nìkan, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ó ju 200 ìyá lọ lójúmọ́ kan. Abájọ tí àwọn àgbà kì í fi í yọ̀ tán kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní tí a máa ń tọrọ fún aboyún kì í ṣe àdúrà ẹnu lásán.

Ewu tí kì í wá lójoojúmọ́

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewu wọ̀nyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan nínú wọn: kí okùn ìwọ́ yọ síta ṣáájú ọmọ. Nínú 1,000 ìbímọ, ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgbèríko tí ó jẹ́ pé aboyún mẹ́wàá ní ń bímọ níbẹ̀ lóṣù, 120 ni yóò jẹ́ lọ́dún. Agbẹ̀bí ibẹ̀ lè lo ọdún kan àti oṣù mélòó kan kí ó tó rí ẹyọ kan, ó sì lè lo ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ láti ìgbà yẹn, tí kò fi ọwọ́ kàn rí, ṣé òun ni yóò rántí láàárín ìṣẹ́jú kan, lóru, nígbà tí àwọn ẹbí ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà?

Bí okùn náà bá yọ, orí ọmọ yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé atẹ́gùn lọ fún ọmọ kò sì ní í ráàyè kọjá. Agbẹ̀bí ní láti ti ọwọ́ bọ ojú ara ìyá, kí ó fi ìka gbé orí ọmọ sókè kúrò lórí okùn náà, kí ó má sì yọ ọwọ́ títí wọn yóò fi gbé obìnrin náà dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè ní kí ìyá kúnlẹ̀, kí ó fi àyà lélẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà lókè. Kò ṣòro láti fi ẹnu sọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí wọ́n ń tì lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára aláboyún, kí ó tún máa bá a sọ̀rọ̀ kí jìnnìjìnnì má bò ó, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ènìyàn ti ṣe rí ni.

Ewu kejì ni kí orí ọmọ jáde tán, kí èjìká rẹ̀ há sẹ́yìn eegun ìbàdí ìyá. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tí ẹ̀rù bà ni kí ó fa orí ọmọ. Ìfà yẹn gan-an ni ó lè já iṣan tí ó gba ọrùn lọ sí apá, tí apá ọmọ náà yóò fi rọ, nígbà mìíràn títí ayé. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n fi gbogbo agbára tẹ ìyá lókè ikùn. Ìyẹn tún ń há èjìká náà sí i ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni pé kí ẹni méjì di ẹsẹ̀ ìyá mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n ká orúnkún rẹ̀ padà wá sí ìhà àyà rẹ̀, kí ẹnì kẹta fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè eegun abẹ́, kí èjìká lè yẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì jáde, wọn yóò ti ọwọ́ wọlé lọ mú apá rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré sì ni wọ́n ní láti fi ṣe é. Ẹni tí ó ń di ẹsẹ̀ mú gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tí ó ń tẹ ikùn ń ṣe. Ibi tí ìwé kíkà parí sí nìyẹn.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀

Fífi ọmọlángidi kọ́ ìgbẹ̀bí ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ọdún 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé fún agbẹ̀bí kan tí ń jẹ́ Angélique du Coudray ní ìwé àṣẹ pé kí ó máa lọ láti ìgbèríko dé ìgbèríko, kí ó máa kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, nítorí ikú ìyá àti ọmọ ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ kọ́ wọ̀nyí kò mọ ìwé kà. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Ó fi aṣọ, awọ àti òwú rán ìbàdí àti ikùn obìnrin, ó sì rán ọmọ tí yóò wà nínú rẹ̀ àti okùn ìwọ́. Ó fi okùn sí i lára tí wọ́n lè fà kí ojú ọ̀nà ọmọ fẹ̀ tàbí kí ó fún pọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi gbé ẹrù yìí kiri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlángidi náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Rouen títí di òní.

Èyí tí wọ́n ń lò jù ní Áfíríkà lóde òní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. MamaNatalie ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Laerdal ní orílẹ̀-èdè Norway, tí ó ti ṣe ohun ìṣeré ọmọdé rí, ni ó ń ṣe é. Olùkọ́ yóò so ó mọ́ ara bí ẹni gbé báàgì sí iwájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìyá ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀: bí ó bá fẹ́, ó lè tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó tú u yàà, ó lè jẹ́ kí ilé ọmọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó sì lè jẹ́ kí ó le nígbà tí agbẹ̀bí bá ti rọ́ ọ dáadáa.

Ohun tí Bristol ṣe

Ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Southmead, ní ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo òṣìṣẹ́ ìgbẹ̀bí wọn jọ lọ́dọọdún, nínú ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀, kí wọ́n jọ dánra wò: agbẹ̀bí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, dókítà àgbà, àti dókítà tí ó ń kun aláìsàn lóorun. Kò sí ẹni tí ó tóbi jù ú lọ. PROMPT ni orúkọ tí ètò náà ń jẹ́ báyìí, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Èso rẹ̀ hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ nítorí àìrí atẹ́gùn tó, tí wọ́n jẹ́ bíi 27 nínú 10,000 tẹ́lẹ̀, dín sí bíi 14, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006. Nínú 100 ọmọ tí èjìká wọn há, ó lé ní mẹ́sàn-án tí ó ń fara pa kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó dín sí nǹkan bí méjì. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2016 sọ pé nínú àwọn ọdún tí wọ́n yẹ̀ wò kẹ́yìn, kò sí ọmọ kan ṣoṣo tí ìpalára apá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ di ìgbà tí ó pé ọmọ ọdún kan. Ní ti okùn ìwọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, láti ìgbà tí wọ́n bá ti rí i sí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ jáde, ìṣẹ́jú 25 ni ó sábà máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó di ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Nígbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn bá ti pòruurù, ẹnì kan lè kígbe pé, "Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́!" Ta ni ó ń bá wí? Olúkúlùkù á rò pé ẹnì kejì òun ni, abẹ́rẹ́ á sì wà nínú àpótí. Tàbí kí ẹni méjì gún un, kí ó di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́: "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ̀yin ni kí ẹ jọ̀wọ́ gún un ní oxytocin." Òun náà gbọ́dọ̀ dáhùn sókè pé, "Mo ti gún un, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún." Ẹni tí ó ń kọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbi tiwa, ìdènà mìíràn tún wà tí ó yẹ kí á sọ ojú abẹ níkòó. Ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò tíì dúró, kí ó dákẹ́ nítorí dókítà àgbà ti ní ó ti tó. Nínú ìdánrawò ni ó ti lè kọ́ bí yóò ṣe sọ ọ́ láìtàbùkù ẹnikẹ́ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ yìí kò tíì dáwọ́ dúró o, ẹ bá mi wò ó." Dókítà náà yóò sì ti mọ̀ níbẹ̀ pé kì í ṣe àfojúdi. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé nígbà tí ó bá jẹ́ ènìyàn gidi ni ó ṣe bí aláìsàn, dípò ọmọlángidi lásán, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa sí i. Ọmọlángidi kì í béèrè pé, "Sístà, ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

Ó ti ṣe é ṣe ní Áfíríkà

Ẹnì kan lè sọ pé ilẹ̀ aláwọ̀ funfun ni ìyẹn, níbi tí iná kì í ti í lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Bulawayo ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ní ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Mpilo kọ́ ètò ti Bristol yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ara wọn lórí ilẹ̀ wọn. Lọ́dún náà, ìyá 67 ni ó kú nínú 9,078 ìbímọ. Nígbà tí ó fi máa di 2014, 48 ni ó kú nínú 9,884. Ó ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ó wà láàyè ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Wọ́n tún kó àwọn oògùn pàjáwìrì jọ sínú àpótí kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá wọn kiri nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. A kò lè sọ pé ìdánrawò nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Àyípadà bí èyí kì í dá rìn.

Ti Tanzania ló yani lẹ́nu jù. Nínú ilé ìwòsàn 30 níbẹ̀, tí àwọn olùwádìí gba àkọsílẹ̀ ìbímọ tí ó tó 280,000, wọn kò kó òṣìṣẹ́ lọ sí ibì kankan. Ìdánrawò kúkúrú, lemọ́lemọ́, nínú yàrá ìgbẹ̀bí tiwọn, ni wọ́n sọ di ara iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tí ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2025, ikú ìyá ti já láti nǹkan bí 240 nínú 100,000 ìbímọ sí nǹkan bí 60.

Nàìjíríà náà ti ní ìpín nínú irú iṣẹ́ yìí, lórí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń pa ìyá jù, ó sì lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le koko láàárín wákàtí méjì bí kò bá rí ìtọ́jú. Ojú ènìyàn kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń fà mọ́ aṣọ, ó ń wọ tìmùtìmù, agbẹ̀bí á ní kò tíì pọ̀, ìyá á sì ti ń lọ. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, tí àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2023, ọ̀rá kan tí ó ní ilà ìwọ̀n lára ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn sínú rẹ̀. Kí ó tó dé 500 mílílítà pàápàá, bí wọ́n bá ti rí àmì ewu, gbogbo ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀: rírọ́ ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ kí ó sún kì, oògùn tranexamic acid tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, omi sínú iṣan, àti yíyẹ ìyá wò fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Wọn kì í dán ọ̀kan wò, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó lọ sí èkejì. Nínú ilé ìwòsàn wọn ni wọ́n ti fi ìdánrawò kọ́ ọ.

Ó ju 200,000 obìnrin lọ tí ó bímọ nínú iṣẹ́ náà. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdajì péré nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀. Níbi tí wọ́n ti lo ètò tuntun yìí, wọ́n mọ 93 nínú 100. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ náà wá le lára wọn, tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí rẹ̀, tàbí tí ó pa, dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Ìwà òtítọ́ ni kí á sọ pé kì í ṣe gbogbo ibi ló ti so èso. Nígbà tí wọ́n gbé ètò Bristol lọ sí àwọn ilé ìwòsàn méjìlá ní Scotland, àbọ̀ tí ó jáde ní 2020 fi hàn pé kò dín iye ọmọ tí ó ń bọ́ sáyé láìlera kù. Ètò tí ó gbilẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí i kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ fún àwọn aláṣẹ tiwa, tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n ra ọmọlángidi olówó iyebíye, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n sì tì í mọ́ yàrá. Àbí kí wọ́n yan ẹnì kan ṣoṣo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó padà dé bá àwọn tí kò mọ ohun tí ó lọ kọ́. Bí ẹni náà bá sì wá rí ìwé ìrìnnà lọ sí òkè òkun, gbogbo rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ìdánrawò kò sì lè ran obìnrin tí kò dé ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá: kí ilé máa rò ó bóyá kí wọ́n gbé e lọ, kí ọ̀nà dá wọn dúró, àti kí wọ́n dé ilé ìwòsàn tán kí ìtọ́jú má yá. Ètò Abíyè tí ìjọba ìpínlẹ̀ Òndó dá sílẹ̀ ní 2009, lásìkò Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, gbìyànjú lórí àwọn ti àkọ́kọ́ nípa fífi fóònù lé aboyún lọ́wọ́ kí ó lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ìdádúró kẹta nìkan ni ìdánrawò ń bá jà. Síbẹ̀, òun ni ó ń dunni jù, nítorí ọwọ́ ti tó o, ìtọ́jú ni kò yá.

Kò ná ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ní owó rẹpẹtẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ògbólógbòó ìró tí wọ́n ká mọ́ra lè ṣe ikùn, bèbí ọmọdé lè ṣe ọmọ, omi zobo sì pupa tó láti dúró fún ẹ̀jẹ̀. Aago ni wọ́n nílò, àti ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ìṣẹ́jú sí, kí wọ́n lè fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tí ó kọjá. Kí wọ́n pe ẹni tí ó ń gbálẹ̀ náà, nítorí òun ni wọn yóò rán lọ pe awakọ̀. Kí wọ́n pe awakọ̀ fúnra rẹ̀. Irú nǹkan tí wọ́n máa ń rí nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìmọ̀ ìṣègùn rárá: kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lápò ẹni tí ó ti lọ sílé, abẹ́rẹ́ oxytocin tí ó yẹ kí ó wà nínú fíríìjì ti wà lórí fèrèsé láti àárọ̀, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lọ mọ́.

Kí wọ́n má sì ṣe é ní ọ̀sán nìkan. Aboyún kì í yan aago. Ìdánrawò tí wọ́n bá ṣe ní aago méjì òru, nígbà tí iná ti lọ, tí nọ́ọ̀sì méjì péré wà lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò sọ fún wọn bóyá bátìrì wà nínú tọ́ọ̀ṣì.